Ta Ló Ń Fa Omi Gan-an?

Kànga ilé wa jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 45. A ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, a gbé e sórí ilẹ̀, ó ń kùn, omi ò wá. A bú ẹni tó tà á fún wa. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ Galileo ní Ítálì rí.

Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1638, ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í fa omi ga ju bíi mítà 10 lọ. Ó rò pé ńṣe ni omi ń wúwo títí tó fi ń já bí okùn. Ọ̀gá ni, àmọ́ ó ṣì í níbí.

Torricelli, tó bá a gbé lóṣù mélòó kan kó tó kú, ní afẹ́fẹ́ ló wúwo, òun ló ń ti omi gòkè. Ẹ̀rọ kàn ń ṣínà fún un ni. Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú àṣìṣe yẹn dáadáa: ibi tá ò wò rárá ni iṣẹ́ ti ń lọ. Wọ́n rọ mẹ́kúrì kún ọ̀pá onígíláàsì, wọ́n dojú rẹ̀ dé inú abọ́ mẹ́kúrì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13.6. Ẹ ṣírò ó: mítà 10 yẹn náà ni.

Pascal ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, á dín kù lórí òkè. Ní September 19, 1648, àna rẹ̀, Florin Périer, gbé e gun Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 8 wálẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń rì sísàlẹ̀ kànga la padà rà. Ìyẹn kì í fa omi, títì ló ń tì í.