Iná Oṣù Kẹta, Iná Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin ọmọ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun ìyanu! Baba ńlá yín tó tẹ Ẹdẹ dó, iná ló ń jáde lẹ́nu ọfà rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná kò ṣàjèjì sí yín. Ṣùgbọ́n iná tí mo fẹ́ ròyìn yìí, oṣù tó bá dé ló ń sọ bí yóò ti burú tó.

Ẹ tọ ojú irin tó gba Ẹdẹ kọjá, ẹ forí lé ọ̀nà Èkó, ẹ ré kọjá Ìbàdàn. Kí ẹ tó kan Abẹ́òkúta, ẹ ó bá Olókèmejì lẹ́bàá odò Ògùn, níbi tí ìjọba ti ya igbó ọba sọ́tọ̀ láti 1899. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun èkíní lọ́dọọdún ní oṣù Kẹta, nígbà tí koríko ti gbẹ táútáú, tí igi sì ń rúwé tuntun. Wọ́n ń sun èkejì ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ọ̀rinrin kò tíì tán lára koríko. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná débẹ̀ rárá.

Ọdún 28 kọjá. Charter àti Keay, àwọn onímọ̀ igbó, lọ yẹ ilẹ̀ náà wò. Háà! Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i, síbẹ̀ ó ti di ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní di ọ̀dàn, koríko gíga pẹ̀lú igi kéréje. Igi pọ̀ sí i ní èkejì. Ní ẹ̀kẹta, ewé ti pàdé ewé lókè, òjìji bo koríko tó jẹ́ oúnjẹ iná, igbó sì ń dìde! Èèpo igi ọ̀dàn bí igi òrí àti igi irú nípọn, wọ́n a máa la iná já. Ọmọ igi arère, tó jẹ́ igi ẹgàn, kò ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀.

Iná ń yí igbó padà lókè òkun pẹ̀lú. Ní Victoria, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, irú igi yúkálíptù kan wà tó lè ga ju mítà 90 lọ. Iná ńlá ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1939 pa ènìyàn 71, ó sì pa igi wọ̀nyí lọ súà. Àmọ́ láti orí àwọn òkú igi náà ni èso ti já bọ́ sínú eérú, tí igbó tuntun sì hù! Bí iná mìíràn bá tètè padà kí ọmọ igi tó so, ìran wọn parun níbẹ̀ nìyẹn.

Bí Olókèmejì, Ẹdẹ náà wà létí ààlà ẹgàn àti ọ̀dàn. Iná ìgbẹ́ tí a bá dá níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù.