Bí Oyè Ìmọ̀ Òwò Ṣe Dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò ní Amẹ́ríkà



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, bàbá kan dìde, ó ní ọmọ òun ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Kíá ni ẹnìkan fèsì pé èyíinì kì í ṣe yunifásítì, pé ibi tí àwọn tí kò mọ̀wé tó máa ń fara pamọ́ sí ni. Bàbá náà kò tún lanu sọ̀rọ̀ títí ìpàdé fi tú. Ó dùn wá púpọ̀, nítorí pé àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di ṣọ́ọ̀kì mú mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nítorí náà ni a ṣe wá ìtàn irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ wò, tí a sì kọ ọ́ sí ojú ewé yìí.

Ìlú Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí kò jìnnà sí Chicago, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1901, J. Stanley Brown, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀, àti William Rainey Harper, olórí Yunifásítì Chicago, fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ọmọ tí ó jáde ní girama lè jókòó sí ìlú wọn, kí wọn sì kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọmọ tí kò kún bẹ́ńṣì méjì! Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman yàn gbà wọ́n nímọ̀ràn ní ọdún 1947 pé kí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri, kí ó súnmọ́ ilé àwọn ènìyàn, kí owó rẹ̀ má sì ga. Láti ìgbà náà ni orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó wà nínú ilé kan náà. Àwọn kan ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọn yóò gbé lọ sí yunifásítì láti fi parí oyè wọn. Àwọn yòókù ń kọ́ iṣẹ́: ìṣirò owó, iṣẹ́ akọ̀wé, àtúnṣe ọkọ̀, ìtọ́jú aláìsàn. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí ni ìyà jẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì pẹ̀lú oyè ọdún méjì rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ ni wọn kì í kà sí. Ẹni tí ó ti ń darí òṣìṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama. Bí kò bá sì lè ṣe èyí, ẹlòmíràn tí ó ní oyè ọdún mẹ́rin ni a ó fi ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Ìrora yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Nígbà tí wọ́n ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá ní ọdún 1934, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì, ìbínú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó lórí èyí sì wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún kan náà.

Ìpínlẹ̀ Florida ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà gbòòrò. Ní ọdún 2001, òfin ibẹ̀ gba kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Petersburg, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1927, láàyè láti máa fúnni ní oyè ọdún mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Washington tẹ̀ lé e ní ọdún 2005, ó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì 4 dán an wò. Ọ̀kan nínú wọn ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Peninsula ní Port Angeles, èyí tí ó mú ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ àti òwò. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn wa fà sí. Ìlú etí omi ni Port Angeles, òkun ni ó wà láàrin rẹ̀ àti Kánádà. Igi gẹdú àti ẹja ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní aya, ọmọ àti iṣẹ́ níbẹ̀ kò lè kó ẹrù lọ sí Seattle nítorí ìwé. Ní ọdún 2007 ni ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Oyè ọdún méjì, iṣẹ́ yòówù kí ó dá lé, ni wọ́n kà sí ìdajì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá fi ọdún méjì kún un, yóò kọ́ ìwé owó, òfin òwò, ìpolówó ọjà àti bí a ṣe ń darí ènìyàn.

Kì í ṣe pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kàn jí lówùúrọ̀ kí ó kéde oyè tuntun. Ó ní láti fi hàn níwájú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ pé àwọn agbanisíṣẹ́ àdúgbò ń wá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà, pé olùkọ́, ìwé àti owó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ tí ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Àtakò kò sì ṣàìsí. Àwọn yunifásítì ń bẹ̀rù pé a ó gba akẹ́kọ̀ọ́ àti owó mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra wọn ń bẹ̀rù pé bí a bá ń lépa oyè ńlá, a ó gbàgbé àwọn aláìní tí a torí wọn ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù kejì yìí ni ó jọ wá lójú jù, nítorí a ti rí ilé ẹ̀kọ́ tí ó sọ ara rẹ̀ di ńlá tán tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọmọ tálákà. Ní Kalifọ́níà, òfin ọdún 2014 gba kọ́lẹ́ẹ̀jì 15 láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ kọ́ni ní ohun tí yunifásítì ìjọba ti ń fi oyè rẹ̀ fúnni. Òwò lásán kò ṣeé mú; èyí ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Rio Hondo fi mú iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Òfin ọdún 2021 sọ ètò náà di ti gbére, ṣùgbọ́n kò mú èèwọ̀ yẹn kúrò. Ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 20 ni ó ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ láàyè báyìí.

Ọmọ bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọdún méjì rẹ̀. Ìṣirò owó ni ó ń kọ́. Bàbá náà wá sí ilé wa láìpẹ́ yìí, ó bi wá bóyá ọmọ òun lè parí oyè rẹ̀ níbi tí ó wà. A ní kí ó kọ́kọ́ béèrè ìpínlẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ó sì mú ìdáhùn rẹ̀ padà wá fún wa.