Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá, tí ojú wọn ti rí tó, tí etí wọn sì ti gbọ́ tó, ni wọ́n pa á lówe pé, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè." Pẹpẹ ga ju ọmọdé lọ, ẹnu akèrègbè sì há fún ọwọ́ tí ó ti gbó. Inú ilé ni a ti máa ń pa òwe yìí jù, nígbà tí bàbá bá ń rán ọmọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ilé-iṣẹ́ ńlá, níbi tí ọ̀gá àgbà ti jókòó sókè pẹ̀lú owó àti àṣẹ, tí òṣìṣẹ́ kékeré sì wà nísàlẹ̀, níbi tí ọjà ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ 3M ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní ọdún 1902. Òkúta líle ni wọ́n fẹ́ máa wà tà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n wà kò wúlò fún ohun tí wọ́n rò, ni wọ́n bá di onísáńpépà. Ní ọdún 1921 wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Drew, ẹni tí kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, tí ó sì ti ń ta báńjò fún àwọn oníjó rí, sí yàrá ìwádìí wọn. Wọ́n rán an pé kí ó gbé sáńpépà tuntun lọ fún àwọn tí ń kun mọ́tò kí wọ́n dán an wò. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn akunmọ́tò tí inú ń bí, tí èébú sì kún ẹnu wọn. Mọ́tò aláwọ̀ méjì ni ó lòde nígbà náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kun àwọ̀ kejì, wọn a fi pépà àti gọ́ọ̀mù bo ti àkọ́kọ́, bí wọ́n bá sì ń ṣí pépà náà, a bó ọ̀dà kúrò, iṣẹ́ tí wọ́n ti parí a sì di àtúnṣe. Drew ṣèlérí fún wọn pé òun yóò wá nǹkan ṣe sí i. Ta nínú àwọn ọ̀gá 3M ni ìbá gbọ́ èébú yẹn láti orí àga rẹ̀? Inú akèrègbè ni ọ̀rọ̀ náà wà, ọwọ́ Drew ni ó sì wọ̀ ọ́.

Bí ọdún méjì ni ó fi ń po òróró pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù. William McKnight, ọ̀gá rẹ̀, sọ fún un pé kí ó padà sídìí sáńpépà. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, McKnight sì rí i, ó dákẹ́. Nígbà tí Drew bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ tí yóò fi ṣe téèpù, ọ̀gá kọ̀. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà sọ pé nítorí tí ó láṣẹ láti ná tó 100 dọ́là láìbéèrè, dọ́là 99, dọ́là 99 ni ó ń kọ sínú ìwé títí ẹ̀rọ náà fi pé. Ní ọdún 1925, téèpù àwọn akunmọ́tò jáde. Ní 1930, ó tún ṣe téèpù tí ń dán gbinrin, irú èyí tí àwa ń pè ní sẹ́lótéèpù.

Ọ̀gá mìíràn ìbá ti sọ fún un pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ìbá sì ti lé e lọ. Ṣùgbọ́n McKnight, tí òun náà ti ipò igbákejì akọ̀wé owó ní 1907 gòkè, kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní 1948 ó là á kalẹ̀ pé kí àwọn ọ̀gá jọ̀wọ́ iṣẹ́ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe; wọn yóò ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọn kò ní burú tó ti ọ̀gá tí ń pàṣẹ bí gbogbo nǹkan yóò ṣe rí. Láti inú èrò yìí ni àṣà tó sọ 3M di olókìkí ti wá, pé kí àwọn onímọ̀ rẹ̀ lè fi ìdá 15 nínú 100 àkókò iṣẹ́ wọn lépa ohun tí ọkàn wọn bá fà sí.

Àyè nìkan kò sì tó, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní 1968, Spencer Silver, onímọ̀ kan ní 3M, ṣe gọ́ọ̀mù kan tí kì í lẹ̀ pinpin. Ọdún ń gorí ọdún, kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1974, Art Fry, òṣìṣẹ́ 3M mìíràn tí ó jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí pépà ìsàmì máa ń já bọ́ nínú ìwé orin rẹ̀, rántí gọ́ọ̀mù náà, ó sì fi í ṣe pépà tí ń lẹ̀ tí a sì lè ṣí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé pépà alálẹ̀mọ́ yìí lọ sí ìlú mẹ́rin ní 1977, kò tà. Àwọn ọ̀gá ìbá ti pa á tì, ṣùgbọ́n ní 1978 wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú Boise, àwọn tó lò ó sì ń béèrè sí i. Ní 1980, ó gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Ọwọ́ Fry kò lè tó owó irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ó ní ìgbà kan tí okùn fún jù. Láti 2001 sí 2005, ọ̀gá àgbà James McNerney mú ìlànà Six Sigma wọlé, èyí tí ń fi òǹkà àti òṣùwọ̀n lé àṣìṣe kúrò nínú iṣẹ́. Ìlànà rere ni fún ibi tí a ti ń ṣe ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ohun tí ojú kò rí rí, báwo ni yóò ṣe kọ ọjọ́ tí yóò rí i sílẹ̀? George Buckley, tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, tú okùn náà fún àwọn onímọ̀ ìwádìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ lónìí, ìbáà ṣe ilé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn tàbí ilé búrẹ́dì ní Abẹ́òkúta, àpótí àbá tí a kàn mọ́ ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí kò lè mú yín dàgbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ohun tí àwọn oníbàárà ń ráhùn lé lórí. Ẹ fún un ní àkókò díẹ̀ àti owó díẹ̀ tí kò ní gba àṣẹ kí ó tó ná. Bí ó bá kùnà, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì yege, orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ fi pe iṣẹ́ náà, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé òun náà lè dán tirẹ̀ wò.