Ajílẹ̀ Tó Bá Odò Lọ

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá ààtàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú oko, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèpo iṣu, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, inú ààtàn ni gbogbo wọn ń jẹrà sí. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù náà ní ààtàn tirẹ̀, àmọ́ inú odò Thames ló dà á sí, lẹ́bàá Woolwich àti Thamesmead tí àwa Yorùbá pọ̀ sí lónìí.

Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ Thamesmead látilẹ̀wá. Àwọn àlùfáà ilé ìsìn Lesnes, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178, wà lára àwọn tó mọ odi dí omi Thames kí wọ́n lè rí ibẹ̀ lò. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ohun ìjà Woolwich, Royal Arsenal, fẹ̀ wọ inú àkùrọ̀ náà.

Ní 1865 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀rọ Crossness lẹ́bàá ibẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnjiníà Joseph Bazalgette. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin ló ń fa ìgbẹ́ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù gòkè sínú àgbá ilẹ̀. Bí omi odò bá ti ń fà padà sókun, wọn a tú u dà. Justus von Liebig, onímọ̀ ọmọ Jámánì, pariwo títí láwọn ọdún 1860 pé oko ló yẹ kó lọ, pé oúnjẹ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ sómi. Ta ní ń gbọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, 1878, ọkọ̀ ojú omi Princess Alice rì ní apá odò tí wọ́n ń pè ní Gallions Reach, èèyàn tó lé ní 600 kú, inú ìgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ni wọ́n sì bọ́ sí. Àwọn kan nínú wọn wà ní ibi ìsìnkú àtijọ́ Woolwich. Láti 1887, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ náà lọ dà sínú òkun gan-an, ó di 1998 kí wọ́n tó jáwọ́. Ọdún mọ́kànléláàádọ́fà! Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ún.

Ẹ wo òdìkejì odò báyìí. Lẹ́nu odò Barking, John Bennet Lawes dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1857, ó ń po ajílẹ̀ oníyẹ̀fun tà fún àgbẹ̀. Wọ́n ń da ajílẹ̀ nù ní apá ibí, wọ́n ń tà á ní apá ọ̀hún. Lawes yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní oko rẹ̀ ní Rothamsted ní 1843, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Ilẹ̀ tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran sí lọ́dọọdún níbẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù tó ju ìlọ́po méjì ti èyí tí wọn kò fi nǹkan kan sí. Kábọ́ọ̀nù tó bá wà nínú ilẹ̀ kò sí lójú òfuurufú tí yóò máa mú ayé gbóná. Ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ sì máa ń di omi mú nígbà ọ̀dá. Robert Rodale, ará Amẹ́ríkà, ló polongo orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ oko tó ń tún ilẹ̀ ṣe yìí láwọn ọdún 1980. Tiwa ti wà tipẹ́: ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà, ajílẹ̀, ohun tó jí ilẹ̀.

Ní 1967 tí ilé iṣẹ́ Arsenal kógbá sílé ni wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, ti rí i pé bí katakata bá ti hú igbó, tó sì tú ilẹ̀, òjò á gbá gbogbo ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bò, tí wọn kò tú, dúró digbí. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé fún un ní 2020.

Kò rọrùn láti dá ìgbẹ́ ìlú padà sóko mọ́, nítorí ike àti kẹ́míkà ti kún inú rẹ̀. Májèlé wọ ilẹ̀ ibi tí Arsenal wà pàápàá. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ dá ọgbà níbẹ̀ á kọ́kọ́ kan àpótí pákó, á wá ra iyẹ̀pẹ̀ kún un. Lórí ilẹ̀ ọ̀gbìn tí káńsù ń háyà fúnni, ike dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ṣí ìdérí rẹ̀: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tíì, páálí tó ti rà, òórùn bí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ekòló sì ń wọ́ nísàlẹ̀.