Ìsọdọmọ àti Ìgbàtọ́: Ìtàn Ọ̀nà Méjì tí ó Wà Níwájú Obìnrin tí ó Lóyún Àìròtẹ́lẹ̀

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìtàn ọ̀nà méjì tí ó máa ń wà níwájú obìnrin tí oyún dé bá láìròtẹ́lẹ̀, tí ó ti pinnu láti bí ọmọ náà, ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kò tíì ká ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀nà kìíní ni ìsọdọmọ, èyí tí òfin fi ń gba ọmọ pátápátá lọ́wọ́ ẹni tí ó bí i, tí ó sì fi ń sọ ọ́ di ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀nà kejì ni ìgbàtọ́, níbi tí ẹlòmíràn ti ń tọ́ ọmọ fún sáà kan, tí ọmọ sì ṣì jẹ́ ti ẹni tí ó bí i. Lójú ẹni tí ó ń wò láti ìta, ọ̀kan náà ni méjèèjì: ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lójú òfin, wọn kò bá ara wọn tan rárá.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìgbàtọ́ ti mọ́ àwa Yorùbá lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbé ìwé ìsọdọmọ síwájú wa, ó rọrùn kí a rò pé ìgbàtọ́ ni a ń fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò di olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọmọbìnrin tí irú rẹ̀ bá dé bá lè kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ olùkọ́ kí ó tó lè sọ fún ìyá rẹ̀.

Oyún, Ìdílé àti Ẹni tí ó Ni Ọmọ

Ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́, ìbéèrè tí ilé kọ́kọ́ ń bi ọmọbìnrin tí ó lóyún láìlọ́kọ ni pé, ta ni ó fún un lóyún? Bí ó bá ti dárúkọ, àwọn àgbà ilé yóò lọ sí ilé ọkùnrin náà. Bí ọkùnrin bá gba oyún, ìdílé rẹ̀ ni ó ni ọmọ, àwọn ni yóò sì sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá kọ̀ ọ́, bàbá ọmọbìnrin lè gba ọmọ náà sí agboolé tirẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀, kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Wọ́n a máa fi ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n sì lè pe ọmọ náà ní ọmọ àlè nígbà tí ìjà bá dé. Síbẹ̀, ìtìjú náà kì í sábà sọ ọmọ di aláìnílé.

Ìbéèrè kejì ni ta ni yóò tọ́ ọ. Ìyá àgbà ni ó máa ń sábà nawọ́ gbà á. Bí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyá rẹ̀ lè lọ fẹ́ ọkọ, kí ó lọ kọ́ṣẹ́, tàbí kí ó máa ná ọjà òkèèrè. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá náà lè gbà á tọ́. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ: a máa ń pa òwe yìí bí ẹni ń ki àṣà, ṣùgbọ́n ètò ìgbé-ayé gidi ni ó ń ṣàlàyé.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí jùlọ ni ohun tí kì í yí padà nínú ètò yìí. Oríkì orílẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń ki ọmọ tí a gbà tọ́, kì í ṣe ti alágbàtọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ Oníkòyí náà ni, ì báà jẹ́ agboolé Ọlọ́fà ni ó dàgbà sí. Èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ ń bá a lọ, ogún rẹ̀ sì wà níbi tí ìran rẹ̀ wà. Ọmọ mọ ẹni tí ó bí i, ìyá sì mọ ọ̀nà ilé tí ọmọ wà.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ àtijọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí ìgbàtọ́ sọ di ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń kiri ọjà, nígbà tí ọmọ onílé ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ètò tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò ní ọjọ́ tí a dá pé ìyá yóò wá mú ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ìyá lè pè lẹ́jọ́ bí alágbàtọ́ bá yarí. A ó padà sórí èyí.

Ọ̀rọ̀ náà "ìsọdọmọ" pàápàá, inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ bá a pàdé, nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù. Odidi Bíbélì Yorùbá sì ti wà láti 1884. Ohun tí ó wà láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn ni etí wa mọ̀ ọ́n sí, ọjọ́ pẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́.

Ìsọdọmọ ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ayébáyé ni òyìnbó ti ní òfin ìsọdọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1851, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin kankan lórí rẹ̀ títí di 1926, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1927 ni òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó tó dé, obìnrin tí kò lọ́kọ tí ó bímọ lè san owó fún obìnrin mìíràn kí ó bá òun gba ọmọ. Àwọn kan nínú àwọn agbowó-tọ́mọ wọ̀nyí jẹ́ apànìyàn. Amelia Dyer, tí wọ́n yẹgi fún ní London ní 1896, máa ń gba owó lọ́wọ́ ìyá, yóò sì fún ọmọ náà lọ́rùn pa. Ara ìdí tí ará ìlú fi ń pariwo pé kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí a gbé fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Òfin 1926 dáàbò bo ọmọ, ó sì dáàbò bo ẹni tí ó gbà á. Ìyá ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí ààbò nínú rẹ̀. Ó di 1949 kí òfin tó sọ pé ìyọ̀ǹda ìyá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ọmọ kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó wá di àṣà pé kí ìdílé fi ọmọbìnrin tí ó lóyún láìlọ́kọ pamọ́ sí ilé àwọn aláboyún tí ìjọ tàbí àwọn aláàánú ń bójú tó, kí ó bímọ síbẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ. Ní 1968 nìkan, àṣẹ ìsọdọmọ 24,831 ni ó jáde ní England àti Wales. Kò sí ọdún tí ó tún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jábọ̀ ní 2022 pé ó tó nǹkan bí ọmọ 185,000 tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá tí kò lọ́kọ láàárín 1949 sí 1976. Àwọn ìyá náà, tí wọ́n ti di arúgbó, sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn pé ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé lóòótọ́. Ẹni tí a kò sọ ohun tí ó lè yàn fún, mi ò mọ bí a ṣe lè sọ pé ó yàn. Olórí ìjọba Ọsirélíà, Julia Gillard, ti tọrọ àforíjì lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí ní 2013. Ti Scotland ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023.

Àkókò kan náà yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Tọkọtaya ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń kàwé lálẹ́, inú yàrá kan ni wọ́n ń gbé, oyún tí kò bá ètò ẹ̀kọ́ mu sì dé. Kò sí ìyá àgbà nítòsí. Wọ́n ṣe ohun tí ilé ti kọ́ wọn, wọ́n wá alágbàtọ́. Wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, àwọn ìdílé òyìnbó sì gba ọmọ wọn fún owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Òbí gbà pé òun fi ọmọ pamọ́ sọ́wọ́ ẹni rere títí òun yóò fi gboyè. Àwọn alágbàtọ́ kan, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tí ọmọ ti ń pè wọ́n ní mọ́mì, gbà pé ẹni tí ó bí i ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ara rẹ̀ ní ìlú Tilbury ni ó fi ṣe fíìmù Farming ní 2018, kò sì dùn ún wò.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àárín. Òfin 1975 dá irú ìgbàtọ́ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n 1985 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìparí 2005 ni ètò alágbàtọ́ àkànṣe wá dé, èyí tí ó fún alágbàtọ́ ní àṣẹ lórí ọmọ láìpa okùn ọmọ àti ìyá rẹ̀ rẹ́. Ó gbà wọ́n ní ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin láti 1926 kí wọ́n tó dé ibi tí ó súnmọ́ ohun tí àwọn ìyá àgbà wa ń ṣe láìní ìwé.

Òfin ní Nàìjíríà

Agbègbè Ìlà-Oòrùn ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin ìsọdọmọ ní Nàìjíríà ní 1965, Èkó sì tẹ̀lé e ní 1968. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà sì ti ní tiwọn. Nínú òfin 2003, orí ọ̀tọ̀ ni ó wà fún alágbàtọ́ tí ilé-ẹjọ́ yàn, ọ̀tọ̀ ni ti gbígba ọmọ tọ́ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ti ìsọdọmọ. Ilé-ẹjọ́ lè pa àṣẹ ìgbàtọ́ rẹ́ bí ipò nǹkan bá yí padà. Ti ìsọdọmọ kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ẹni tí ó bí ọmọ ti dópin, ti ogún pẹ̀lú.

Àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wa kò bá ìsọdọmọ irú èyí lọ, nítorí pé Àlùkùránì, nínú Súrà kẹtàlélọ́gbọ̀n, pàṣẹ pé orúkọ bàbá tí ó bí ọmọ ni kí a máa fi pè é. Ìgbàtọ́ ni ẹ̀sìn wọn fọwọ́ sí, èyí sì bá àṣà Yorùbá mu ju bí a ti ń rò lọ.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ti ìdí èyí dá ìsọdọmọ lẹ́bi. Ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, tí kò ní ẹbí tí ó lè fọkàn tán, tí kò sì fẹ́ padà sí ìdí ọ̀rọ̀ náà mọ́, lè rí i pé ìsọdọmọ ni ó sàn fún òun àti fún ọmọ. Ìgbàtọ́ tí kò lópin náà lè fi ọmọ sí ipò àìmọ ibi tí òun ń lọ. Ohun tí mo takò ni kí a yan ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Ewu tí ó burú jù ni ti àwọn tí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá Èkó tú aboyún 19 àti ọmọ ọwọ́ 4 sílẹ̀ láti àwọn ilé tí wọ́n ti ń ta ọmọ. Ìlérí iṣẹ́ ni wọ́n fi tan púpọ̀ nínú wọn dé Èkó. Ẹni tí ó bá rà tàbí ta ọmọ, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni òfin 2003 là sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá na owó sí ọmọbìnrin tí oyún ṣì wà nínú rẹ̀, tí ó ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé, kì í ṣe ìsọdọmọ ni onítọ̀hún ń ṣe. Ilé-ẹjọ́ kì í fi oyún fún ènìyàn. Òfin 2003 tilẹ̀ ní kí ọmọ ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà á fún oṣù mẹ́ta gbáko kí àṣẹ tó jáde, kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà sì ti yẹ ilé náà wò.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò. Kí ó má bá ọmọbìnrin náà yàn. Kí ó mú un dé ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì rí i pé ìwé yòówù tí ó bá dé iwájú rẹ̀, a kà á fún un ní èdè Yorùbá kí ó tó mú bírò. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n ni yóò gba ọmọ, kí ẹbí kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ tí ọmọ ń jẹ́, ẹni tí ó lè fọwọ́ sí ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ìgbà tí ìyá yóò máa wá wò ó, àti ìgbà tí yóò mú un padà, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá tàbí lẹ́yìn ìkọ́ṣẹ́. Ìwé ìsọdọmọ kò ní àyè fún gbólóhùn ìkẹyìn yìí.