Ìgbèjà ara ẹni

Awakọ̀ dánfó kan bọ́ọ́lẹ̀ ní Òyìngbò, ó fi sípánà lé ẹni tó gbá a létí tó sì ti ń sá lọ. Ó ní òun gbèjà ara òun. Rárá o! Gbè (bíi ká ní Ọlọ́run gbè wá) àti ìjà ló di gbèjà: ká dúró ti ẹni tí ìjà ká mọ́. Bí ìjà bá ti kúrò lọ́rùn ẹni, ìgbẹ̀san ló kù.

Ìlò tó tọ́ nìyí: "Olè yọ ọ̀bẹ sí awakọ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀, awakọ̀ náà fi ilẹ̀kùn tì í ṣubú, ó gbèjà ara rẹ̀."

Abala 33 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gbà bẹ́ẹ̀, bí agbára tí ẹni náà lò kò bá kọjá ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀, abala 287 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún ní kó kọ́kọ́ yẹra débi tó bá ṣeé ṣe. Bí ọ̀nà bá là níwájú ọkọ̀, kó wakọ̀ lọ.