Àwọn Oníbèéèrè Ló Kọ́kọ́ Dé Àbújá

Kí katapílà kankan tó wú gbòǹgbò igi lórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Àbújá lónìí, kí birikílà kankan sì tó po sìmẹ́ńtì níbẹ̀, àwọn oníbèéèrè ti dé ibẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà lẹ́yìn tí wọ́n lé Ọ̀gágun Yakubu Gowon kúrò níbẹ̀, yan ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí olú-ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó, bí ó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, ibo ni kí ó forí lé. Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́ Ọlọ́yẹ́mẹkún, ni olórí wọn; Táí Ṣólàrín, olùkọ́ ará Ìkẹ́nnẹ́ tí kì í fi òótọ́ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, wà láàrin wọn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti jábọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, òfin ológun sọ ilẹ̀ náà di ti ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà ni ìbọn pa Murtala ní Èkó.

Ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí ni pé ibẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, pé kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀yà ńláńlá mẹ́ta, àti pé ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Ti ìkẹta yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwọn Gbagyi ń bẹ níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn tí kì í ru ẹrù lé orí bí kò ṣe lé èjìká, nítorí pé ọba ni orí lójú tiwọn (Yorùbá tí ń bọ orí kò sì lè bá wọn jiyàn èyí). Àwọn Basa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n sì ń sin òkú wọn sí ilé baba wọn. Èrò ìjọba nígbà náà ni pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún gbogbo wọn, kí wọ́n sì kó wọn jáde pátápátá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìjọba ti ké sí Ìbàdàn mesí Ògò, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì, ti kó àwọn onímọ̀ jọ láti ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ náà ní 1977: odò rẹ̀, igbó rẹ̀, abúlé rẹ̀, àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá kò sì ju pé kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye ènìyàn tí ó wà lórí ilẹ̀ náà ju èyí tí wọ́n fojú dá lọ fíìfíì, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi yí ohùn padà pé ẹni tí ó bá fẹ́ dúró kí ó dúró. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ti bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí yunifásítì kankan tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Yunifásítì tí ó kọ́kọ́ yọjú kò pẹ́ láyé. Ní oṣù Keje 1983 ni ìjọba Shagari ṣí yunifásítì tí a óò máa ti ilé ẹni kàwé rẹ̀, tí wọ́n sì fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjó ṣe olórí rẹ̀, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó ti kọ ìwé lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin 1984, ìjọba ológun ti tì í pa. Ṣùgbọ́n èrò náà kò kú. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Àbújá sílẹ̀ ní 1988, wọ́n pa á láṣẹ pé ọ̀nà méjì ni kí ó máa gbà kọ́ni: ti ẹni tí ó jókòó sí kíláàsì, àti ti ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ń ti òkèèrè kàwé. Gwagwalada ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé mélòó kan, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Isa Baba Mohammed, wọ́n sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní 1990; ilẹ̀ tí a fún wọn lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú tó 11,824 hẹ́kítà.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, nígbà tí Babangida kó ìjọba kúrò ní Èkó tìdí-tìdí, yóò mọ ìdí tí ọ̀nà kejì yẹn fi wúlò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ dé láti gbogbo igun. Ẹni tí ó ń fi ọ̀sán gbé fáìlì ìjọba káàkiri lè wá fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ka ìmọ̀ ìṣèlú, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé tàbí ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá. N kò ní sọ pé ìfẹ́ ìmọ̀ ni gbogbo wọn bá wá. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹlòmíràn ń lé. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti mọ bí ìwé àṣẹ ṣe ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí èkejì kí olùkọ́ tó là á yé e, irú rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ kì í sì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Fádípẹ̀, onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá, ti kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwùjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ ní Ifẹ̀, orírun, fi àjọbí àti àjọgbé ṣe òpó ìmọ̀ rẹ̀: bí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀ ṣe ń gbé, àti bí àwọn tí ibùgbé nìkan so pọ̀ ṣe ń ṣe é. Bí ìlú kan bá wà ní Nàìjíríà tí àjọgbé ti ṣáájú àjọbí, Àbújá ni, bí a bá yọ Gbagyi tí ó ni ilẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2024 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa pe Yunifásítì Àbújá ní Yunifásítì Yakubu Gowon. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, inú àwọn kan nínú àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ kò sì dùn sí i. Èmi kò dá sí ìjà wọn, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú orúkọ náà tí ó bá ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ mu. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Gowon lórí oyè, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà lọ, ní Yunifásítì Warwick ní Ìlú Ọba, níbi tí olórí ìjọba àná ti ń tò sórí ìlà oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, tí ó ń ka ìmọ̀ ìṣèlú títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó ṣèwádìí lé lórí níbẹ̀ ni ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Karùn-ún 1975, oṣù méjì kí wọ́n tó gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àbújá ni olú-iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà wà báyìí.